Ta Ló Ń San Owó Ìdúró Ẹni Tí Àrùn Ọpọlọ Gbé Dé Kóòtù?

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ ìlera la fẹ́ sọ pọ̀ lónìí, nítorí ibì kan wà tí àwọn méjèèjì ti pàdé, owó ńlá sì ń ṣòfò níbẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń kà á.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi kún owó oúnjẹ àwọn tó wà lọ́gbà àtúnṣe, láti ₦750 sí ₦1,125 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá lo ọgbọ̀n ọjọ́ níbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ₦33,750. Ẹni tó bá lo ọdún kan, ₦410,625. Ẹni tó bá lo ọdún márùn-ún, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì náírà. Oúnjẹ nìkan nìyẹn o. A ò tíì ka owó oṣù wọ́dà, a ò tíì ka oògùn, a ò tíì ka epo ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí kóòtù. Bó bá wá jẹ́ pé aláìsàn ni onítọ̀hún, tí gbogbo wa kàn ń dúró kí dókítà wá sọ bóyá ó lè jẹ́jọ́ tàbí kò lè jẹ́jọ́, kí gan-an la ń fi owó yẹn rà?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kó lè yé tọmọdé tàgbà. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀sítéètì nítòsí Lakowe, lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ní Èkó. Kì í ṣe ọmọ àdúgbò, iṣẹ́ ló gbé e wá. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń dá sọ̀rọ̀, kì í sùn lóru, ó ní àwọn kan ń pe orúkọ òun. Lọ́jọ́ kan ó he òkúta, ó fi fọ́ gíláàsì mọ́tò ní ibùdókọ̀. Èrò ṣù bò ó, wọ́n lù ú. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tó tètè dé, wọn ì bá ti sọ táyà sí i lọ́rùn. Ọlọ́pàá mú un, ó di kóòtù májísíréètì ní Sangotedo. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí pé ó ba dúkìá oní-dúkìá jẹ́. Wọ́n ní, ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi? Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá ẹni tí a kò rí lóhùn.

Kí ni kí adájọ́ ṣe?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò mọ̀ pé kóòtù lòun wà, tí kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún agbẹjọ́rò rẹ̀, tí kò mọ adájọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́, kò ní ẹnu tí yóò fi rojọ́. Bí a bá dá ẹjọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan la dá. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ìgbẹ́jọ́ dúró ná.

Nǹkan méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lù pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni bóyá ọpọlọ olùjẹ́jọ́ dá ṣáṣá lọ́jọ́ tó ṣe ohun tí wọ́n fi sùn ún. Abala 28 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù Nàìjíríà ló sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn: ẹni tí àrùn ọpọlọ kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe, tàbí tí kò jẹ́ kó mọ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é, tàbí tí kò jẹ́ kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, òfin kò ní dá a lẹ́bi. Èkejì ni bóyá ara rẹ̀ le tó láti dúró jẹ́jọ́ lónìí. Ẹnì kan lè ti wà nínú àìsàn nígbà tó hùwà náà, kí ara rẹ̀ sì ti yá kí wọ́n tó pe ẹjọ́. Ẹlòmíràn lè jẹ́ pé inú àtìmọ́lé gan-an ni orí rẹ̀ ti dàrú. Èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, torí òun ló ń bí ìdúró.

Òfin kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ ohun tí kóòtù yóò ṣe. Èkó tiẹ̀ ti ṣíwájú, òun ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin ìgbẹ́jọ́ tuntun bẹ́ẹ̀ ní 2007, tó tún un ṣe ní 2011 àti 2021. Bí adájọ́ bá fura pé ọpọlọ olùjẹ́jọ́ kò dá, òfin ìjọba àpapọ̀ gbà á láyè láti fi í sí ibi tó yẹ fún àyẹ̀wò, fún àkókò tí kò ju oṣù kan lọ. Kí oṣù náà tó pé, dókítà gbọ́dọ̀ ti kọ èsì ránṣẹ́ sí kóòtù. Bí kò bá tíì dá a lójú, ó lè tọrọ àfikún tí kò ní ju oṣù méjì lọ. Bí èsì bá fi hàn pé ara rẹ̀ kò yá, tí ẹ̀sùn náà sì jẹ́ èyí tó ṣe é gba béèlì, adájọ́ lè fi í lé ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, bí wọ́n bá ṣe oníduró pé àwọn yóò tọ́jú rẹ̀, kò sì ní ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Bí kò bá ṣe é ṣe, kóòtù yóò fi tó ìjọba létí, ìjọba ni yóò sì pàṣẹ ibi tí wọn yóò fi í sí.

Oṣù kan ni òfin wí. Bó bá pẹ́ jù, oṣù mẹ́ta. Báwo ló ṣe wá ń di ọdún?

Orí ọ̀rọ̀ "ibi tó yẹ" yẹn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tó yẹ ni ilé ìwòsàn. Ní Èkó, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, tí gbogbo wa mọ̀ sí Yaba Left, ni gbogbo ojú ń wò. Láti Lakowe lọ síbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Bí ibùsùn kò bá ṣófo, ọgbà Ìkòyí tàbí Kirikiri ni ọkọ̀ máa ń yà sí. Ọgbà Ìkòyí yìí, 800 èèyàn ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní ìparí ọdún 2019, àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní 3,000. Inú èrò bẹ́ẹ̀ la ní kí ẹni tí kì í sùn lóru lọ máa dúró de dókítà.

Ìwé gbọ́dọ̀ ti kóòtù dé ọgbà, kó ti ọgbà dé ilé ìwòsàn, kí èsì sì tún padà. Dókítà ọpọlọ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti já pa, wọ́n ti lọ sókè òkun. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Black Maria, ọkọ̀ tó ń gbé wọn láti ọgbà lọ sí kóòtù, lè má rí epo, ọ̀nà lè dí. Bí wọn kò bá gbé olùjẹ́jọ́ dé, adájọ́ á sún ẹjọ́ síwájú. Bó bá dé tí èsì dókítà kò dé, wọ́n á tún sún un. Bí wọ́n bá gbé adájọ́ lọ sí kóòtù mìíràn, ẹjọ́ lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tó ní ẹbí tó ń sáré kiri nítorí rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Alágbàṣe tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ńkọ́, tí kò sẹ́ni tó mọ ìlú ìyá rẹ̀? Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ti ẹni tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ mọ́lé ju iye ọdún tó pọ̀ jù tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lè gbé fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, ta ni yóò bá a ka ọdún náà?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àpò tí owó ti ń jáde. Kóòtù májísíréètì, ti ìjọba Èkó ni. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ láti Office of the Public Defender, ti ìjọba Èkó náà ni. Ọlọ́pàá àti ọgbà àtúnṣe, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ilé ìwòsàn Yábà, ti ìjọba àpapọ̀ ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ ìlera ló ń bọ́ ọ, nígbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló ń mójú tó ọgbà. Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Bí kóòtù bá sún ẹjọ́ síwájú ní oṣù méjì, kọ́bọ̀ kò jáde lápò kóòtù, ọgbà ni yóò bọ́ ẹni náà fún oṣù méjì. Bí ilé ìwòsàn bá ní ibùsùn kò sí, kò ná ilé ìwòsàn ní nǹkan kan, ọgbà náà ni yóò tún gbà á. Bí ọkọ̀ ọgbà kò bá gbéra, adájọ́, agbẹjọ́rò, ọlọ́pàá tó wá jẹ́rìí àti oní-mọ́tò tó pa ìsọ̀ rẹ̀ tì, gbogbo wọn ni ọjọ́ wọn ti bàjẹ́. Ẹni tó fa ìdúró kọ́ ló ń san owó ìdúró. Nítorí náà, kò sí ọ́fíìsì kan tí orí ń fọ́ láti fòpin sí i. Bó bá sì di ìparí ọdún, kò sẹ́ni tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó gbé e síwájú ará ìlú pé iye tí ẹ ná sórí ìdúró nìyí.

Owó tí kò sí nínú ìwé kankan tún wà. Àrùn ọpọlọ tí a kò tètè tọ́jú máa ń wọra ni. Ẹni tí oògùn oṣù mélòó kan ì bá ti mú bọ̀ sípò lè di ẹni tí yóò máa lo oògùn lábẹ́ ìṣọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ̀ nílé ń wá a kiri, ó ń náwó fún àwọn tó ní àwọn yóò bá a rí i. Oní-mọ́tò kò rí owó gíláàsì rẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ìdájọ́. Àwọn tó wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́gbà kò rí oorun sùn. Nínú gbogbo wọn, ẹ bá mi wá ẹni tó jèrè.

Ìwà ká máa ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé dípò ká tọ́jú rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ọdún 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ ní Yábà, nígbà náà, ibi ìhámọ́ ni ju ibi ìwòsàn lọ. Òfin tí wọ́n fi ń ṣàkóso irú ilé bẹ́ẹ̀, 1916 ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù rán Dókítà Robert Cunyngham Brown wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1936, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn. Ní 2008, ìyẹn ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, àjọ Amnesty International tún kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn aláìsàn ọpọlọ wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kàn rárá, tó jẹ́ pé ẹbí tàbí ọlọ́pàá ló kó wọn wá. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò ti àtijọ́. Òfin náà ní kí àpò owó kan wà fún ìlera ọpọlọ. Ohun tó kù ni kí owó wọ inú àpò náà, nítorí ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006 fi hàn pé nígbà náà, nínú ₦100 tí ìjọba ń ná sórí ìlera, díẹ̀ ló fi lé ní ₦3 tó ń lọ sórí ìlera ọpọlọ, àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ń gba gbogbo rẹ̀. Ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ilé yín, ìwọ̀nba ló ń kàn án nígbà náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìṣòro aláìní nìkan lèyí, kó wo Amẹ́ríkà. Ní 1968, wọ́n mú ọkùnrin odi kan ní ìpínlẹ̀ Indiana pé ó ja olè nígbà méjì. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ó jà gbà kò ju dọ́là mẹ́sàn-án lọ. Kò gbọ́rọ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọdé. Wọ́n tì í mọ́lé títí ara rẹ̀ yóò fi yá, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà ti sọ pé kò jọ pé yóò yá láé. Ní 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a pé kò tọ̀nà láti ti èèyàn mọ́lé láìlópin torí pé kò lè jẹ́jọ́. Síbẹ̀, ìdúró kò tán. Ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí àwọn aláìsàn tó ń rà sí àtìmọ́lé níbi tí wọ́n ti ń dúró de àyẹ̀wò. Ilé ẹjọ́ fún ìjọba ní gbèdéke ní 2015, ìjọba kò bá a. Ní 2023, Adájọ́ Marsha Pechman ní kí ìpínlẹ̀ náà san owó ìtanràn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là.

Ní Miami, Adájọ́ Steven Leifman gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n to orúkọ àwọn aláìsàn ọpọlọ tí ọlọ́pàá ń mú léraléra, wọ́n sì ro ohun tí wọ́n ná ìlú pọ̀. Èèyàn 97 péré ni wọ́n. Láàárín ọdún márùn-ún, ọlọ́pàá mú wọn ní nǹkan bí ìgbà 2,200, wọ́n lo ọjọ́ 27,000 látìmọ́lé, wọ́n sì ná ìlú ní nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 13. Wọ́n tún kọ́ ọlọ́pàá bí a ṣe ń mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn dípò àgọ́. Iye tí wọ́n ń tì mọ́lé lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ti odindi ọgbà kan pa. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ẹni tó bá ka owó náà ló máa rí ọ̀nà láti dá a dúró.

A kò sì nílò láti lọ kọ́ ìtọ́jú lọ́dọ̀ àjèjì. Abẹ́òkúta ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti fi ọ̀nà han gbogbo àgbáyé ní 1954. Dípò kó dúró kí ìjọba kọ́ ilé tó tó gbogbo aláìsàn, ó bá àwọn àgbà abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ká sọ̀rọ̀. Aláìsàn á wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan, wọ́n á gba yàrá lábúlé, ẹbí á máa se oúnjẹ fún un, aláìsàn á máa lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà, á sì tún padà sáàárín èèyàn. Ará abúlé ń gba owó ilé, ìjọba ń bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó ibùsùn, aláìsàn kò sì di àjèjì sí ẹbí rẹ̀. Ẹ rántí pé òfin wa gba adájọ́ láyè láti fi olùjẹ́jọ́ lé ẹbí lọ́wọ́ pẹ̀lú oníduró. Ohun tí Lámbò ṣe ní Àrò ni òfin náà ń wá. A kàn kì í sábà lò ó ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á máa sọ níbi tó jókòó sí pé, ṣé ká tú ẹni tó lè ṣe wá léṣe sílẹ̀ ni? Rárá o. Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ wà níbi tí ilẹ̀kùn ti ní kọ́kọ́rọ́ títí ara wọn yóò fi balẹ̀, pàápàá níbi tí ẹ̀mí bá ti bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti rí ìdájọ́. Ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè sọ ẹni tó léwu yàtọ̀ sí ẹni tí kò léwu, níwọ̀n ìgbà tí dókítà kò bá sì tíì dé, ibì kan náà la kó àwọn méjèèjì sí. Àyẹ̀wò kíákíá ló ń dáàbò bo ìlú, torí òun ni yóò jẹ́ ká mọ ẹni tó yẹ ká ṣọ́.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Kí dókítà ọpọlọ tàbí nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó máa ń wá sí kóòtù wa, ní Sangotedo àti ní Ẹ̀pẹ́, kó lè yẹ olùjẹ́jọ́ wò kí wọ́n tó gbé e lọ sí Yábà. Ìjọba Èkó ti kéde ilé ìwòsàn oníbùsùn 500 fún àrùn ọpọlọ ní Ketu-Ejinrin, lápá Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín. Kí wọ́n ya wọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí kóòtù bá rán wá, kí ará Lakowe má fi Yábà nìkan ṣe ìrètí mọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ti fún ìpínlẹ̀ lágbára lórí ọ̀rọ̀ ọgbà àtúnṣe, nítorí náà Èkó kò lè sọ mọ́ pé Àbújá ni kẹ́ ẹ bi. Èkó sì ti fi ilé ìwòsàn rọ́pò ẹ̀wọ̀n rí: òfin ìwà ọ̀daràn tó ṣe ní 2011 ní ilé ìwòsàn ni kí kóòtù rán ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà nínú òfin àtijọ́.

Ẹ̀yin ará ilé náà ní tiyín. Ẹ má lu ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ yín, tàbí alágbàṣe yín, tí ẹ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, ẹ sọ ọ́ ní àgọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ dání lọ sí kóòtù, ẹ jẹ́ kí adájọ́ rí i. Bí ẹ kò bá ní owó agbẹjọ́rò, ẹ béèrè Office of the Public Defender. Bí kóòtù bá ní kí ẹbí wá ṣe oníduró, ẹ má sá. Bí kóòtù bá sì pàṣẹ àyẹ̀wò, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ọjọ́ ọgbọ̀n má kọjá láìbéèrè.

Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ìbéèrè kan ni kí ẹ bá wa gbé tọ aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó lọ, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀: olùjẹ́jọ́ mélòó láti kóòtù agbègbè wa ló ń dúró de èsì dókítà lónìí, ọjọ́ mélòó ni ẹni tó pẹ́ jù nínú wọn ti lò, èló ni a sì ti ná lé e lórí? Ọjọ́ tí ìjọba bá ti ń gbé ìdáhùn yẹn jáde lọ́dọọdún pẹ̀lú ètò ìṣúná, lọ́jọ́ náà ni ìdúró yóò ti ní ẹni tí yóò jíhìn fún un.